Òkúta Sàréè Tamsult Tí Ẹ̀rọ Kà Mọ́ Òkúta Ọ̀nà

Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Ahunrọ́ọ̀gì,
Abúlé Tamsult n-Ifri,
Ẹ̀bá Òkè Sirwa,
Mòrókò.
Ọjọ́ Karùn-ún, Oṣù Kejìlá, Ọdún 2024.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Bójú Tó Ọ̀nà Òkè,
Olú-ìlú Ẹkùn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá tí ọ̀nà òkè wà lọ́wọ́ yín,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ DÁ ÌFỌ́KÚTA DÚRÓ NÍ TAMSULT, KÍ Ẹ SÌ GBA ÀWÒRÁN ITẸ́ ÒKÚ WA LỌ́WỌ́ ILÉ-IṢẸ́ TIT N-UZRU KÍ WỌ́N TÓ PA Á RẸ́

1. Èmi Tuda Id-Belqasm, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ahunrọ́ọ̀gì, akọ̀wé ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lókè yìí, ni mo kọ ìwé yìí. Mo kọ ọ́ lórúkọ ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó wà ní Tamsult. Àwọn tó mọ̀wé kọ buwọ́ lù ú, àwọn tí kò mọ̀wé kọ tẹ àtàǹpàkò. Gbogbo rẹ̀ wà ní ojú ewé tí mo so mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ bá ti rí i pé mo ń dá ara mi lẹ́bi, ẹ má kà á sí abúlé lọ́rùn. Tèmi nìkan ni.

2. Ẹ̀sùn wa kò gùn. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá tó kọjá, katapílà àwọn tó ń la ọ̀nà wọ itẹ́ òkú wa. Ó kó òkúta orí sàréè, ó tẹ́ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ, ó sì lọ da àwọn òkúta náà jọ sétí odò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọ́kúta. Kò hú òkú kankan jáde. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìyẹn. Àwọn èèyàn wa ṣì wà nísàlẹ̀ níbi tí a tẹ́ wọn sí. Àwa tí a wà lókè ni a kò mọ ibi tí wọ́n wà mọ́. Sàréè igba ó lé mẹ́rìnlá ni, ti ọmọ mi Ijja sì wà lára wọn.

3. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé a kórìíra ọ̀nà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àkeekèé ta Ijja lẹ́sẹ̀ níbi tí a ti ń ṣa èso álímọ́ńdì. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Bihi, ọkọ mi, gbé e sórí ìbaaka, ó sì gba ojú òkè lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wa jù. Ìrìn wákàtí mẹ́rin ni. Ní wákàtí kẹta, ọmọ náà dákẹ́. Ká ní ọ̀nà ọkọ̀ wà lọ́jọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí Ijja wà ní kíláàsì kẹta lónìí. Nítorí náà, nígbà tí a gbọ́ pé ìjọba fẹ́ la ọ̀nà gba Tamsult, mo wà lára àwọn tó kọ́kọ́ yọ̀, mo sì ṣe ju yíyọ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ṣe rí i.

4. Oṣù kìíní ọdún yìí ni ilé-iṣẹ́ Tit n-Uzru dé. Àwọn ni agbaṣẹ́ṣe gbé ọ̀rọ̀ òkúta lé lọ́wọ́. Díróònù ni wọ́n fi ń ya àwòrán òkè láti òfuurufú. Kọ̀ǹpútà á wá wo àwòrán náà, á ya òkúta kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, á sọ bó ṣe gùn tó àti ibi tó wà gan-an. Wọ́n ní èyí ni wọ́n á fi mọ àpáta tó lè já lu ọ̀nà, òun náà ni wọ́n á fi mọ òkúta tó wà nílẹ̀ tí kò ní olówó, èyí tí wọ́n lè kó lọ fọ́ fún ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò mọ òkúta láti inú ìyá rẹ̀ wá. Èèyàn ló ní láti kọ́ ọ. Èèyàn á jókòó ti àwòrán, á fa ìlà yí òkúta kọ̀ọ̀kan ká, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, títí ẹ̀rọ á fi mọ ohun tó ń jẹ́ òkúta, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí.

5. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti wá èèyàn náà. Ọ̀gbẹ́ni Anwar, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó wá láti ìlú etí òkun, wọ yàrá ẹgbẹ́ wa. Ó wo rọ́ọ̀gì tó wà lórí òfì, ó wò ó títí, ó sì sọ fún Lalla Yamna, olórí ẹgbẹ́ wa, pé: "Lalla, ojú tó lè ka òwú báyìí láìṣì í kà, òun gan-an ni mò ń wá kiri." Lalla Yamna dá a lóhùn pé: "Ọmọ mi, òwú ní àwọ̀. Òkúta tiyín wo ló ní àwọ̀ níbẹ̀?" Síbẹ̀ ó gbà. A ti àwọn òfì mọ́ ògiri, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà mẹ́rin kalẹ̀, àwa obìnrin mẹ́sàn-án sì ń gbapò ara wa nídìí wọn fún oṣù mẹ́rin gbáko. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé a ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, kò sì sí ẹni tó fi ipá mú wa. Lójú tèmi, òkúta kọ̀ọ̀kan tí mo bá fa ìlà yí ká ń mú ọ̀nà súnmọ́ ọmọ ẹlòmíràn tí àkeekèé máa ta lọ́la.

6. Àwòrán tí wọ́n ń gbé síwájú wa kò ní orúkọ ibì kankan. Nọ́ńbà nìkan ló wà lórí rẹ̀. Láti òkè ni wọ́n ti ya gbogbo rẹ̀, kò sí igi tó dúró, kò sí ilé tó ní ojú. A kò lè mọ òkè tiwa yàtọ̀ sí òkè àjèjì. Ní ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, mo bá àwòrán kan pàdé tí òkúta inú rẹ̀ tò ní méjì-méjì àti mẹ́ta-mẹ́ta, tí gbogbo wọn sì kọjú síbì kan náà. Mo pe Rqiya, ẹni tí a jọ jókòó:

"Rqiya, wá wo èyí. Àfi bí ìgbà tí èèyàn gbìn wọ́n."

"Ìwọ fa ìlà tìẹ jàre, Tuda. Àbí o fẹ́ fi òkúta ṣọkọ ni?"

A rẹ́rìn-ín. Lalla Yamna náà rẹ́rìn-ín láti ibi tó ti ń ran òwú. Mo fa ìlà náà, ó gbà mí tó wákàtí kan, mo sì fi ránṣẹ́. Itẹ́ òkú wa ni.

7. Ẹ lè bi mí pé báwo ni èèyàn ṣe máa rí itẹ́ òkú bàbá rẹ̀ tí kò ní dá a mọ̀. Mo ti bi ara mi ju bí ẹ ṣe lè bi mí lọ. Ní Tamsult, obìnrin kì í tẹ̀ lé òkú lọ sí ibi ìsìnkú. Ọkùnrin ló ń gbẹ́lẹ̀, ọkùnrin ló ń sin ín, ọkùnrin ló ń ri òkúta mọ́lẹ̀: méjì fún ọkùnrin, mẹ́ta fún obìnrin. A kì í kọ orúkọ sí i, nítorí àwọn baba wa kà á sí ìgbéraga níwájú Ọlọ́run. Ọjọ́ Jímọ̀ àti ọjọ́ Áṣúrà ni àwa obìnrin ń lọ. Ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ la ń gbà wọlé. A ó jókòó síbi orí ẹni wa, a ó wọ́n omi sí i, a ó ka Fátíhà, a ó dìde. Ìjókòó ni mo fi mọ itẹ́ òkú yẹn. Mo mọ iye ìṣísẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi, mo mọ òkúta tí oòrùn máa ń kọ́kọ́ ràn sí. Ṣùgbọ́n n kò rí gbogbo rẹ̀ láti òkè rí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan nínú àwa mẹ́sàn-án tó rí i bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ọkùnrin tó ń gbẹ́lẹ̀ ì bá mọ ètò rẹ̀ lójú kan náà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó máa wọ yàrá tí obìnrin mẹ́sàn-án ti ń ṣiṣẹ́. Ìtìjú ilẹ̀ wa nìyẹn, a kò lè di ẹrù rẹ̀ ru ẹ̀rọ.

8. Ohun kan tún wà. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú ìwé kan wá fún mukaddam, aṣojú ìjọba lábúlé wa, pé kí ó buwọ́ lù ú. Wọ́n béèrè nínú rẹ̀ bóyá ilé, ògiri tàbí sàréè tí a kọ orúkọ sí wà lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi àmì sí. Ògiri kékeré tó yí itẹ́ òkú ká ti wó lápá òkè láti ọdún pípẹ́, kò sì ga ju orúnkún lọ lápá ìsàlẹ̀. Kò kà á sí ògiri. Sàréè tí a kọ orúkọ sí kò sì sí. Ó dáhùn pé kò sí. Òtítọ́ ló rò pé òun sọ. Láti Ọjọ́rú yẹn, kò jókòó pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. A kò fi ẹ̀sùn kàn án, a sì bẹ̀ yín kí ẹ̀yin náà má fi kàn án.

9. Bí ọjọ́ náà ṣe rí nìyí. Ọjọ́rú ni ọjọ́ ọjà, àwọn ọkùnrin ti lọ. Oṣù kọkànlá sì ni ìkórè sáfíránì. A gbọ́dọ̀ já òdòdó rẹ̀ kí oòrùn tó mú, nítorí náà gbogbo obìnrin ló ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lóko láti àárọ̀ kùtù. A gbọ́ ìró katapílà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ti ń gbọ́ ọ, etí wa ti mọ́ ọn. Bàbá Hammu, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, tó ti ń gbẹ́ sàréè fún wa láti ìgbà èwe rẹ̀, ló kọ́kọ́ rí i. Ó sáré débẹ̀ bí agbára rẹ̀ ṣe mọ. Ohun tí òun àti awakọ̀ sọ fún ara wọn nìyí, gẹ́gẹ́ bí àwọn méjèèjì ṣe tún un sọ lójú mi:

"Ìwọ ọmọ yìí, kí lò ń kó?"

"Òkúta ni, Bàbá."

"Sàréè ni! Èèyàn wà lábẹ́ ẹ̀!"

"Bàbá, ẹ má bínú, ẹ wo fóònù mi. Àmì pupa wà lára gbogbo wọn. Èyí tó bá ti ní àmì pupa ni wọ́n ní kí n kó. Tó bá jẹ́ sàréè ni, ṣé wọ́n á fi àmì sí i ni?"

"Ta ló fi àmì sí i?"

"Kọ̀ǹpútà ni, Bàbá. Mi ò mọ̀ ọ́n sójú."

Bàbá Hammu lọ jókòó síwájú katapílà. Awakọ̀ náà, ọmọ ire ni, pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì bọ́ sílẹ̀. Òkúta mọ́kànlá ló kù lórí ìdúró.

10. Nígbà tí a dé láti oko, awakọ̀ na fóònù náà sí mi kí n lè rí i pé òun kò purọ́. Mo mọ àwòrán náà kíákíá. Mo mọ ìlà tó yí òkúta kọ̀ọ̀kan ká, bí ahunṣọ ṣe máa ń mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ nínú ọjà. Bihi dé láti ọjà lọ́sàn-án, ó bá mi lẹ́nu ọ̀nà ìsàlẹ̀. Ó ní, "Tuda, ta ló ṣe èyí?" Mo ní, "Èmi ni." Ó wò mí, ó fa ìbaaka rẹ̀, ó sì lọ sílé. Kò bá mi jà títí di òní. Ìbá sàn kí ó bá mi jà.

11. A kọ̀wé sí Tit n-Uzru. Èsì wọn dé ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá. Ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú àpò ìwé yìí. Wọ́n ní ó dun àwọn. Wọ́n ní ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àwọn kò ṣe àṣìṣe, pé nínú ọgọ́rùn-ún òkúta ó ń dá mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún mọ̀, àti pé ohun tó kà sí òkúta ní Tamsult, òkúta ni lóòótọ́. Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Inú bí mi, nítorí n kò rí ibi tí irọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá wo aṣọ tí a fi di òkú, tó ní aṣọ funfun lásán ni, òun náà kò purọ́. Ẹ̀yin Ọ̀gá, a kò pe ẹ̀rọ lẹ́jọ́. Àwọn tó rán an níṣẹ́ tí wọn kò sì wá fi ẹsẹ̀ ara wọn tẹ ilẹ̀ náà wò, àwọn la pè.

12. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Lalla Yamna lọ kí ọkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ìsàlẹ̀, kò lè wọlé. Ó ní, "Tuda, tí mo bá gbé ẹsẹ̀ yìí, ta ni mo máa tẹ̀ lórí?" Ó ti pẹ́ tó ti sọ fún gbogbo wa pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ òun ni kí a sin òun sí. Àyè náà ṣófo, ọdún mọ́kàndínlógún ni a ti fi í pa mọ́ dè é. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kọkànlá, ó kú. Bàbá Hammu fi ìṣísẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ara ògiri, ó gbẹ́ ẹ, ó bá òkú. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni náà, ó dí i padà. Ó súnmọ́ iwájú díẹ̀, ó gbẹ́ ẹ, ó tún bá òkú. Kò gbẹ́ ẹ̀kẹta. Ó ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọ kékeré. Ẹ̀yìn ògiri la sin Lalla Yamna sí, òun nìkan. Ẹnikẹ́ni tó bá kú ní Tamsult láti ìsinsìnyí lọ, ìta ni. Àwọn àgbà wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ikú lọ́nà tí wọn kì í gbà bẹ̀rù rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

13. Bí a ti ń sunkún náà la ń ríran. Òkúta wa kò tíì fọ́. Òkìtì kan náà ló wà sétí odò, ó sì ṣeé tò padà. Ọ̀gbẹ́ni Anwar, ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kó lè jẹun nílé wa, ló sọ fún wa pé: "Lalla Tuda, ẹ̀rọ tó mọ òkúta kan yàtọ̀ sí èkejì nígbà tí wọ́n wà lórí ìdúró, ó yẹ kó ṣì mọ̀ wọ́n nínú òkìtì. Ẹ jẹ́ ká dán an wò." Ó tẹ́ ogójì òkúta sórí iyanrìn, ó yà wọ́n ní fọ́tò láti ìhà gbogbo, ó sì ní kí ẹ̀rọ wá wọn nínú àwòrán oṣù kẹta. Ẹ̀rọ dá mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n mọ̀, ó sì tọ́ka sí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti dúró. Bàbá Hammu wà níbẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ọ̀kan nínú wọn. Ó ní, "Ti bàbá mi nìyí. Èmi ni mo gbé e wá láti odò, ó já lé mi lẹ́sẹ̀, àpá ẹ̀ rèé." Ibi tí ó sọ náà ni ẹ̀rọ tọ́ka sí. Ní ọjọ́ kejì, ilé-iṣẹ́ pe Ọ̀gbẹ́ni Anwar padà sí etí òkun. Wọ́n ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú àdéhùn.

14. Àkókò ti dé tán. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ ìfọ́kúta sọ pé Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù yìí, ni yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ Tit n-Uzru sì sọ nínú èsì wọn pé àwọn yóò pa gbogbo àwòrán rẹ́ ní ìparí oṣù, nígbà tí ìpele iṣẹ́ yìí bá parí. Bí òkúta bá fọ́, kò sí ohun tí a ó gbé padà. Bí àwòrán bá parẹ́, kò sí ibi tí a ó gbé e padà sí.

15. Nítorí náà a bẹ̀ yín pé: kí ẹ pàṣẹ kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan òkìtì etí odò yẹn, kí ẹ gba àwòrán itẹ́ òkú wa lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà pẹ̀lú àkójọ nọ́ńbà gbogbo òkúta inú rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n rán Ọ̀gbẹ́ni Anwar àti ẹ̀rọ rẹ̀ padà sí wa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn ọkùnrin wa ni yóò gbé òkúta, a kò ní béèrè alágbàṣe.

16. Mo mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ náà lè fún yín ní àkójọ nọ́ńbà nìkan, kí wọ́n ní ó tó. Kò tó. Ìdí rẹ̀ ló ṣòro jù fún mi láti kọ nínú ìwé yìí. Ọ̀gbẹ́ni Anwar jẹ́ kí n rí àkójọ náà kí ó tó lọ. Òkúta 351 ni ẹ̀rọ fi àmì sí nínú itẹ́ òkú wa. Bàbá Hammu jókòó, ó ń fa tẹ̀súbáà, ó ka gbogbo ẹni tí òun àti bàbá rẹ̀ sin àti àwọn tó wà níbẹ̀ ṣáájú wọn: àgbà ọkùnrin 78, àgbà obìnrin 65. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò, méjì-méjì fún ọkùnrin, mẹ́ta-mẹ́ta fún obìnrin. 351 ni. Ẹ̀rọ náà kò fo àgbàlagbà kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n sàréè 214 la ní. Àwọn 71 tó kù, ọmọdé ni wọ́n. Kò sí ọmọdé kankan nínú àkójọ yẹn.

17. Ẹ̀rọ kọ́ ló fò wọ́n. Nígbà tí a ń kọ́ ọ, àṣẹ tí wọ́n fún wa ni pé òkúta tí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kò wúlò fún ọ̀nà. Kí a má fa ìlà yí i ká, kí ẹ̀rọ lè kọ́ bí a ṣe ń fojú fò ó. Òkúta orí ọmọdé kì í tó bẹ́ẹ̀. Baba ọmọ máa ń fi ọwọ́ kan gbé e láti odò. Nínú àwòrán ọjọ́ yẹn, òkúta kéékèèké kan tò lẹ́bàá ògiri ìsàlẹ̀. Mo rántí wọn. Mo rí wọn, mo fojú wọ̀n wọ́n, mo sì kọjá. Nínú àwa mẹ́sàn-án, èmi ni mo yára jù níbi ká fo òkúta kéékèèké. Ọ̀gbẹ́ni Anwar yìn mí fún un lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, inú mi sì dùn dé alẹ́. Ijja wà lára àwọn tí mo fò. Àfọwọ́fà ni, n kò rí ẹni tí mo lè dì í rù.

18. Katapílà kò mọ èyí tó ní àmì yàtọ̀ sí èyí tí kò ní nígbà tó ń wa ilẹ̀. Ńlá àti kékeré ló kó pọ̀. Awakọ̀ sọ fún wa pé wọ́n ti sẹ́ àwọn kéékèèké kúrò, wọ́n ti dà wọ́n sí ìsàlẹ̀ ọ̀nà níbi tí ilẹ̀ ti jìn, wọ́n sì ti rọ yẹ̀pẹ̀ lé wọn. Òkúta ọmọ mi ti wà lábẹ́ ọ̀nà báyìí. N kò béèrè rẹ̀ padà. Kí ọkọ̀ tó ń gbé ọmọ aláìsàn máa gba orí rẹ̀ kọjá, mo yọ̀ǹda rẹ̀. Ibi tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ wà ni mò ń béèrè. Àwọn àgbà ní ọmọ mi kú, ó yá ju ọmọ mi nù lọ. Tèmi kú ní ọdún 2021, mo sì gbà fún Ọlọ́run. Ní oṣù tó kọjá, ó tún nù. Ìyẹn ni n kò lè gbà.

19. Ìṣísẹ̀ tí mo máa ń kà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àárín òkúta ló gbà, òkúta náà kò sì sí mọ́. Àwòrán yẹn nìkan ló kù láyé tó mọ ibi tí ó wà. Ẹ gbà á fún wa. Ẹ jẹ́ kí n jókòó tì í lẹ́ẹ̀kan sí i, ọjọ́ kan péré, kí ẹnikẹ́ni tí ẹ bá fẹ́ máa ṣọ́ mi. N kò ní gba owó iṣẹ́. Mo mọ iṣẹ́ náà, ọwọ́ mi sì yá. N ó bẹ̀rẹ̀ láti ògiri ìsàlẹ̀, n ó sì fa ìlà yí èyí tó kéré jù ká.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á títí dé ibí.

Èmi ni tiyín, tí mo ń retí èsì kí ọjọ́ kẹrìndínlógún tó pé,

Tuda Id-Belqasm,
Akọ̀wé, Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Ahunrọ́ọ̀gì, Tamsult;
Ìyá Ijja.